Ta Ló Ni Ohùn Olórin? Ọ̀ràn Ọmọ Àtakẹ́ àti Ìbò 2023 ní Àjàṣẹ́

Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí ìbò àwọn aṣòfin ti ń sún mọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú kan rán èèyàn sí ọmọkùnrin kan tó ń kọrin ráàpù ní àdúgbò Àtakẹ́, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ní kó kọ orin kan fún olùdíje wọn, kó bá wọn lọ káàkiri fún ìpolongo, kó sì buwọ́ lu ìwé kan. Owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tó kó ra kọ̀ǹpútà, kó ra máìkì tó dára, kó sì tún kù fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọrin, kò tíì rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sì jẹ gbèsè.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo rí i pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ olórin wa ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, wọn kì í sì í rí ẹni bá wọn jókòó tì í. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà kí n tó kọ ọ́. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, nítorí náà Ọmọ Àtakẹ́ ni n ó máa pè é. Mo ń ṣe ètò èdè Yorùbá lórí rédíò, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, òun náà sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Fóònù ló ń tún ṣe ní ọjà Wàndó. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà, ará Kétu sì ni àwọn ẹbí ìyá náà. Yorùbá ló fi ń kọ ráàpù, a máa fi èdè Gùn àti Faransé bọ̀ ọ́ láàárín bí àwọn ọ̀dọ́ ibí ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Orin ìfẹ́ àti orin fáàrí ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó gbé e wọ ọ̀rọ̀ ìlú ni owó-orí ọdún 2018. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn máa san 5 fráǹkì lórí mégà dátà kan. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí èyí máa ṣe fún ọjà. Àwọn ìyá tó ń fi WhatsApp gba iṣẹ́ aṣọ rírán wá ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn. Ó kọ orin kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ tí gbogbo Wàndó sì mú lẹ́nu níbẹ̀ ni: "Fráǹkì márùn-ún lórí mégà kan, ẹ ní kí n sanwó kí n tó kí ìyá mi." Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, ìjọba fagi lé owó-orí náà. Ariwo gbogbo ìlú ló ṣe é, orin tirẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ariwo náà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ohùn òun lè wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, a dìbò yan aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò. Ẹgbẹ́ méjì tó ń ti Ààrẹ lẹ́yìn ló pín gbogbo ìjókòó 83 láàárín ara wọn. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò náà. Èèyàn bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jáde. Ìtòsí wa níbí ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà, nítorí Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni iṣẹ́ ìjọba kó lọ. Ọmọ Àtakẹ́ máa ń gun zém, ọ̀kadà tiwa, kọjá níwájú ilé náà bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Orin rẹ̀ kejì sọ nípa àga tí wọ́n ti pín kí àlejò tó dé. Orin yẹn ló jẹ́ kí àwọn òṣèlú mọ orúkọ rẹ̀.

Bí ó ṣe ń gba orin sílẹ̀ ni gbogbo ìdí ọ̀ràn yìí. Sítúdíò ọkùnrin kan ní ìgboro ló ń lò. Bó bá lówó lọ́wọ́, á san díẹ̀. Bí kò bá ní, ọkùnrin náà á kọ ọ́ sínú ìwé. Orin ń jáde, gbèsè ń pọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ọkùnrin yìí ni gbogbo orin wà: ohùn lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, àtèyí tó ti parí àtèyí tí kò parí. Ọmọ náà kò ní ju èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ lọ. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn tó sọ ẹni tó ni kí ni. Ó ti forúkọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sílẹ̀ ní BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì rò pé ó ti parí. Ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tó náwó sí gbígbà á sílẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin wa kì í mọ èyí títí ọjọ́ tí ìjà bá dé.

Ẹni tí ẹgbẹ́ náà rán wá jẹ́ ọmọkùnrin tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé. Ó mú ìwé náà wá nínú àpòòwé. A jọ kà á lórí tábìlì mi, èmi àti Ọmọ Àtakẹ́, ní Faransé, mo sì ń túmọ̀ ibi tó bá ta kókó. Ojú ìwé méjì péré ni. Ìlà àkọ́kọ́ sọ iye owó, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Lójú ìwé kejì, lẹ́tà wá kéré. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohùn rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti orúkọ tó fi ń kọrin yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà láti lò "láìní gbèdéke", pé kò gbọ́dọ̀ kọ orin kankan tó lè ba olùdíje náà lórúkọ jẹ́ títí tí sáà aṣòfin náà yóò fi parí, àti pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò dá owó náà padà ní ìlọ́po méjì. Mo ní kó tún ka ìlà náà fúnra rẹ̀. Ó kà á, ó dákẹ́, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin mégà náà wà nínú rẹ̀?" Mo ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ, orúkọ rẹ̀ sì ló wà lórí orin mégà.

Onísítúdíò náà ti gbọ́ kí a tó kúrò nílé. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ti ṣèlérí láti yá spíkà rẹ̀ fún ìpolongo. Ó sọ fún ọmọ náà pé bó bá fọwọ́ sí ìwé, òun yóò ya ojú ìwé gbèsè rẹ̀ dànù. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó wá san gbogbo rẹ̀ kó tó rí orin kan gbà. N kò lè pe ọkùnrin náà ní ọ̀daràn. Ó ń sanwó iná, ó ní ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí okùn ṣe yí ọmọ yìí lọ́rùn láìsí ẹni tó rán ọlọ́pàá sí i, láìsí ẹni tó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé gbèsè àti kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ti tó.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ. Kò sọ pé kó gbà á, kò sọ pé kó má gbà á. Ó kàn bi í pé: "Bí wọ́n bá wọlé tán tí ọ̀nà ọjà wa ṣì wà bó ṣe wà, ṣé wàá lè kọ ọ́ lórin?" Ọmọ náà kò rí ìdáhùn.

Èmi wá sọ ìtàn Smockey fún un, nítorí n kò mọ olórin ráàpù mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sítúdíò hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Serge Bambara ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1971 ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Ó lọ sí Faransé ní 1991 láti kàwé, orin gbà á mọ́ ìwé lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ orin EMI sì gbà á ní 1999. Ọ̀pọ̀ olórin wa ni yóò sọ pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Ní 2001 ó padà sílé, ó sì kọ́ sítúdíò tirẹ̀, Abazon. Mo dúró lórí ibí yìí pẹ́ fún ọmọ náà: kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n sí ajàfẹ́tọ̀ọ́, ó ti ní ibi tí kò ní tọrọ àyè kó tó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ rántí irú ìlú tó padà sí. Wọ́n pa Ààrẹ Thomas Sankara ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1987, Blaise Compaoré sì gorí àga. Láti béèrè ẹni tó pa Sankara jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Smockey béèrè rẹ̀ lórin ní 2007, nígbà tó pé ogún ọdún. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dáná sun ọkọ̀ Sams'K Le Jah, olórin régè tó tún ń ṣe ètò lórí rédíò. Ní 2013, àwọn méjèèjì àti àwọn míì dá ẹgbẹ́ Balai Citoyen sílẹ̀, ìgbálẹ̀ ni àmì rẹ̀. Nígbà tí Compaoré fẹ́ yí òfin ilẹ̀ padà ní 2014 kó lè tún dupò lẹ́yìn ọdún 27, ìgboro kún. Àwọn obìnrin Ouagadougou jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, wọ́n na orógùn ọkà sókè. Ìyá Ọmọ Àtakẹ́ ní kí n tún ibẹ̀ sọ. Ní ọjọ́ 30 ni àwọn èèyàn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n sì sun ún; ní ọjọ́ 31 Compaoré fi ipò sílẹ̀, ó sá lọ sí Côte d'Ivoire. Àwọn èèyàn kú nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan kà á bí eré.

Mo sọ apá tí kò dùn fún un pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ará Burkina bínú sí Balai Citoyen pé wọ́n dúró ti ọ̀gágun Isaac Zida lẹ́yìn nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́jọ́ wọnnì. Ó tọ́ kí wọ́n bínú. Olórin tó bá wọ ọ̀rọ̀ ìlú, ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀gágun Gilbert Diendéré gbìyànjú láti gba ìjọba. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, rọ́kẹ́ẹ̀tì kọlu sítúdíò Abazon. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohùn ráàpù ṣe ń dun alágbára, kó wo ibi tí wọ́n yìn ín sí. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ìfipágbàjọba náà wó. Àwọn èèyàn dáwó láti tún sítúdíò kọ́. Ní 2016, iná tún jó o. Ọdún kan náà ni Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, fún Balai Citoyen àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀, Y'en a Marre ti Sẹ̀nẹ̀gà àti LUCHA ti Kóńgò, ní àmì-ẹ̀yẹ kan náà pẹ̀lú olórin Angélique Kidjo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tiwa. Ọmọ Àtakẹ́ mọ gbogbo orin Kidjo, kò mọ èyí.

Bí mo bá fẹ́, mo lè fi Sẹ̀nẹ̀gà kún un: ẹgbẹ́ olórin ráàpù Keur Gui láti Kaolack, tí àwọn àti oníròyìn bíi Fadel Barro dá Y'en a Marre sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2011 nítorí iná tí kì í sí, tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́ lọ gba káàdì ìbò, tí Ààrẹ Abdoulaye Wade sì pàdánù ìbò ní 2012. Tàbí olórin ráàpù Didier Awadi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tó sì pe sítúdíò tirẹ̀ ní Dakar ní Studio Sankara. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí: ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn jẹ́ tiwọn.

Kò pọn dandan kí a rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló rán mi létí. Ní Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, kí eré ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń bo ojú, máa ń jáde lóru. Ó kọ́kọ́ júbà: ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá wa, ó júbà àgbà. Lẹ́yìn náà ló ń gé wọn lórin, ìjòyè tó jẹ owó ìlú, ọkùnrin tó lu ìyàwó, olóṣèlú tó parọ́. Ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀. Ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ bú kì í sì í dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kejì. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ọ̀rọ̀ ẹnu fún gbogbo ayé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìyá náà wá ní, "Ṣé o rí Ẹ̀fẹ̀ tí ìjòyè kan ra aṣọ rẹ̀ fún rí? Ẹgbẹ́ ló ń dáwó sí i, ìlú ló ń dáwó sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi mú." N kò ní ohun tí mo fi kún un.

Mi ò sọ pé olórin kò gbọ́dọ̀ ti olùdíje lẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni bí ti ẹnikẹ́ni. Bí Ọmọ Àtakẹ́ bá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹnì kan yóò ṣe dáadáa, kó kọrin rẹ̀, kó sì gbowó iṣẹ́. Ohun tó wà níwájú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà ń ra ìdákẹ́jẹ́ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ orin tòní.

Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, a jọ kọ ọ́. Ó ní òun lè wá kọ orin òun lálẹ́ ọjọ́ kan níbi ìpàdé wọn, owó iṣẹ́ alẹ́ kan ni kí wọ́n san, wọn kò ní lo àwòrán òun lórí pátákó, orúkọ òun kò sì ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Wọn kò fèsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú àpòòwé wá kò kí i mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni kan tó ti pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lópin ọdún ránṣẹ́ pé àwọn ti rí olórin mìíràn. Ìyẹn dùn ún ju ti ẹgbẹ́ náà lọ, nítorí ibi ayẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá.

Gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Wàndó ń dá èsúsú. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n gbé e síwájú, wọ́n jẹ́ kó kó ti oṣù yẹn kó tó kàn án. Ó fi apá kan san fún onísítúdíò, ó fi èyí tó kù ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù lórí kọ̀ǹpútà dara pọ̀ mọ́ ọn. Yàrá kan nílé mọ̀lẹ́bí mi ni wọ́n lò. Wọ́n fi tìmùtìmù àti kúbùsù bo ògiri, wọ́n pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀ ń wọ máìkì, òógùn sì ń kán sórí ìwé tí ọmọ náà kọ orin sí. Lóru nìkan ni wọ́n lè ṣiṣẹ́, nígbà tí zém bá ti dínkù lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, torí mọ́ṣáláṣí kò jìnnà.

Orin tuntun náà bi gbogbo olùdíje léèrè, ti ẹgbẹ́ gbogbo, ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá jókòó sílé ìgbìmọ̀ yìí ní ìlú wa. Ẹsẹ kan wà níbẹ̀ tó dárúkọ ọkùnrin kan pé ó kó owó afárá jẹ. Mo bi í bóyá ó ní ẹ̀rí. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Mo ní kó yọ ọ́, ó sì yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ yẹn ló dùn jù. Láti 2018 ni òfin orí ayélujára ti wà ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tó fi síta lórí fóònù. Yàtọ̀ sí ti òfin, kò yẹ kí a fi ẹ̀sùn kan èèyàn láìlẹ́rìí. Ẹ̀fẹ̀ pàápàá máa ń wádìí kó tó kọrin.

Ìbò wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2023. Lọ́tẹ̀ yìí alátakò wà lórí ìwé ìbò: nínú ìjókòó 109, Les Démocrates, tí í ṣe ẹgbẹ́ alátakò, gba 28; nínú àwọn tó ń ti Ààrẹ lẹ́yìn, Bloc Républicain gba 28, Union Progressiste le Renouveau sì gba 53. Orin Ọmọ Àtakẹ́ kò yí èyíkéyìí nínú iye yìí padà. Ohun tó ṣe ni pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ ní Wàndó àti Ọ̀gánlá, wọ́n sì ń bi àwọn tó wá tọrọ ìbò ní ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ́ fúnra mi.

Ó ti san gbèsè náà tán báyìí. Onísítúdíò fún un ní àwọn orin tó ti parí, kò fún un ní ohùn lọ́tọ̀ àti ìlù lọ́tọ̀, nítorí náà kò lè tún wọn ṣe. A ti kọ̀wé sí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì ń dúró de èsì. Bí kò bá gbà, Ọmọ Àtakẹ́ yóò tún orin mégà gbà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn orin tuntun, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìlù ti kọ ìwé àdéhùn ojú kan, ní Yorùbá àti ní Faransé: ìdajì ìdajì ni owó, ẹ̀dà gbogbo orin wà nílé àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè tà á fún ẹgbẹ́ òṣèlú láìgbàṣẹ ẹnì kejì.